Bí A Ṣe Ń Fọ Àwo Orin Tí Baba Wa Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a mọ̀ pé bí àwọn kan nínú yín bá rí àkọlé òkè yìí, wọn yóò béèrè pé kí ni ó kan ìwé ìròyìn Mùsùlùmí nínú fífọ àwo orin. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ogún ni a fẹ́ bá yín sọ, àti ọ̀rọ̀ ohùn òbí tí ó ti kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi àti iná mànàmáná ni yóò gba ibi tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí àwọn òbí rẹ̀ fi sílẹ̀ ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí àjà, òun gan-an ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Baba wa jáde láyé ní ọdún 2019, kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n. Aránṣọ ni wọ́n ní Mushin, ní Èkó. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí; àwa méjì tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni ìkẹta àti ìkẹrin. Lẹ́yìn tí a san gbèsè tí ó kù lọ́rùn wọn, tí àgbà àfáà àdúgbò wa sì ka ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan fún un lórí ilé àti ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin, ó ku páálí mẹ́fà ní yàrá ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló kún inú wọn, wọ́n lé ní igba. Àwọn ńlá oní-íǹṣì 12 tí à ń pè ní elípíì ni ó pọ̀ jù, àwọn kékeré oní-íǹṣì 7 tẹ̀lé wọn, àwọn ògbólógbòó mélòó kan sì wà ní ìsàlẹ̀ tí ó wúwo, tí ó sì lè fọ́ bí àwo tánganran bí ó bá já bọ́. Harúnà Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀, Yusuf Ọlátúnjí wà níbẹ̀, Àyìnlá Ọmọwúrà wà níbẹ̀, Bàtílì Àlàkẹ́ àti Sìkírù Àyìndé Barrister kò gbẹ́yìn. Àwo tí Sàláwà Àbẹ̀ní ṣe ní 1976 lẹ́yìn ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òjò ti ba páálí rẹ̀ jẹ́, ó ti lẹ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹnu wa kò kò lórí ohun tí a ó fi wọ́n ṣe. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ àfáà, ní kí a kó wọn dànù, pé ohun tí Baba nílò báyìí ni àdúà àti sàráà, kì í ṣe ìlù. Àǹtí wa tó tẹ̀lé wọn ní kí a tà wọ́n. Kò sì pẹ́ rárá tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn wa, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ti ń wọ ilé àwọn olóògbé láti ra àwo àtijọ́, tí wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ ní ilẹ̀ Òyìnbó. Ẹni yìí kò tilẹ̀ tú páálí wò dé ìsàlẹ̀. Ó wò wọ́n láti òkè, ó rí èéhu, ó ní gbogbo wọn ti kú, ó sì dárúkọ owó tí kò tó àpò ìrẹsì kan fún páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lórí bóyá orin tọ́ fún Mùsùlùmí tàbí kò tọ́, a kò ní dá sí i lójú ìwé yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti ń bá ara wọn fà á. A kàn mọ̀ pé wéré tí fújì ti jáde wá, jíjí ènìyàn fún sààrì nínú oṣù Ràmàdáánì ni wọ́n ń fi í ṣe, àti pé níbi wòlímọ̀ àti níbi ìpàdé àwọn tó ti Mẹ́kà dé ni wọ́n ti ń kọ wákà. Ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn ti lu agogo nínú ẹgbẹ́ wéré rí nígbà èwe wọn, ṣùgbọ́n a kò ní tú àṣírí ju báyìí lọ.

Àbúrò wa, àbíkẹ́yìn, kò gba kí a dà wọ́n nù, kò sì gba kí a tà wọ́n. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń wá, ọ̀kan ṣoṣo ni. Kí ìyá wa tó wọ ilé Baba wa, elégbè ni wọ́n jẹ́ fún olórin wákà kan ní ìhà Ìjẹ̀bú. Òkìkí olórin náà kò jìnnà, àwo kan péré ló ṣe, àwo kékeré tó ní orin kan lójú, tó ní òmíràn lẹ́yìn. Baba wa máa ń sọ pé láàárín orin ti ẹ̀yìn, ibì kan wà tí ọ̀gá yóò dákẹ́, tí ìyá wa nìkan yóò sì gba orin náà lẹ́nu rẹ̀ fún ìlà mẹ́rin kí àwọn elégbè yòókù tó dáhùn. Ní ọdún 1986 ni ìyá wa kú. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni àbúrò wa nígbà náà. Fọ́tò mẹ́ta ni ó fi mọ ojú wọn. Ohùn wọn, kò mọ̀ ọ́n rárá, nítorí kò sí kásẹ́ẹ̀tì kankan tí a gbà á sí. Nígbà tí a gbé àwo náà sórí rédíógíráàmù Baba wa lẹ́yìn ìsìnkú, ohun tí a gbọ́ kò yàtọ̀ sí gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò. A gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń kọrin ní ọ̀nà jíjìn, ó parí síbẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe di ti àwa méjì. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ kí a tó ta ohunkóhun ni pé, èyí tó bo ohùn náà mọ́lẹ̀, ṣé ìdọ̀tí ni àbí ọgbẹ́? Bí ó bá jẹ́ ìdọ̀tí, ó ṣeé kó kúrò. Bí ó bá jẹ́ ọgbẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé bí àwo ṣe ń sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kà wá lè má tíì fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Ojú àwo elípíì kan dà bí ẹni pé ó ní ìlà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ni, tó ń yí láti etí wá sí àárín. Bí a bá nà án sílẹ̀, ó lè ju irinwó mítà lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti irun orí kan lọ. Ògiri méjèèjì ipa yìí kò tẹ́jú, ó ṣe gbágungbàgun. Gbágungbàgun yìí gan-an ni orin. Abẹ́rẹ́ yóò máa gba inú ipa náà lọ, ògiri yóò máa mì ín, ẹ̀rọ yóò sì sọ mímì náà di ohùn. Abẹ́rẹ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gbágungbàgun tí olórin fi síbẹ̀ àti eruku tí ọyẹ́ gbé wá. Bí ó bá kan eruku, ó mì, a sì gbọ́ ọ bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́. Ẹ wá ro iye ọ̀ràá ọwọ́, èéfín, eruku Mushin àti èéhu tó lè wọ ipa bẹ́ẹ̀ láàárín ogójì ọdún, pàápàá àwo tí wọ́n ń gbé lọ sí òde àríyá, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran tán ń fọwọ́ gbé e.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn ènìyàn ti ń gbà fọ àwo. Àwọn kan ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún, èyí tí í máa fa eruku wọ inú ipa sí i. A ti rí ẹni tó ń fi kẹrosíìnì nù ún kí ó lè máa dán. Ọṣẹ díẹ̀ àti omi pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹni tí kò bá sì ní agbára ju ìyẹn lọ kò gbọ́dọ̀ banú jẹ́. Ibi tí ó kù sí ni pé irun búrọ́ọ̀ṣì tóbi ju ìsàlẹ̀ ipa lọ. Ohun tó ti gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ń gba orí rẹ̀ kọjá ni.

Ọ̀kan nínú àwa méjì jẹ́ mẹkáníìkì ní Ládípọ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tí à ń wí yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé a fi àwo kàn án. Bí nọ́súlù tó ń fọ́n bẹntiróòlù sínú ẹ́ńjìnnì bá dí, a ó jù ú sínú agbada irin kékeré kan tí omi ọṣẹ wà nínú rẹ̀, a ó tan iná sí i, agbada náà yóò máa hó bí ejò, láìpẹ́ ìdọ̀tí dúdú yóò máa jáde láti inú ihò tí ojú kò lè rí. Àwọn òyìnbó ń pè é ní ultrasonic. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò ó, àwọn oníṣègùn eyín ń lò ó, àwọn tó ń ṣe jígí ojú náà ń lò ó. Ní ilẹ̀ Òyìnbó àwọn olówó ń ra irú rẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún rẹ́kọ́ọ̀dù, owó rẹ̀ sì ga ju ohun tí aránṣọ tàbí mẹkáníìkì lè dá lábàá. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Lábẹ́ agbada náà, wọ́n lẹ nǹkan kan mọ́ ọn tó ń gbọ̀n nígbà tí iná bá kàn án. Tiwa ń gbọ̀n ní ìgbà 40,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ kọjá nǹkan bí 20,000, ti àgbàlagbà kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìró gidi rẹ̀ kọjá ohun tí a lè gbọ́. Bí ìsàlẹ̀ agbada bá ń ti omi tí ó tún ń fà á kíákíá báyìí, omi kò lè tẹ̀lé e mọ́. Ó ń ya níbi púpọ̀, àwọn ihò bíńtín tí kò sí nǹkan kan nínú wọn yóò là sínú rẹ̀, kí a tó ṣẹ́jú wọn yóò tún pa dé. Ìpadé yìí ló lágbára. Ibi tí ihò bá ti pa dé létí nǹkan líle, omi yóò ta sí nǹkan náà bí ọta, yóò sì ṣí ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Ihò náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń là nínú ibi tí irun búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Bí gbígbọ̀n bá yára sí i, bíi 80,000 tàbí 120,000, ihò náà á kéré sí i, agbára rẹ̀ á sì rọ̀; àwọn kan fẹ́ràn ìyẹn fún àwo. Ohun tí a ní ni a lò.

Àwọn ọmọ wa kò gbà pé omi tí kò hó, tí kò gbóná, lè ní irú agbára bẹ́ẹ̀. A mú bébà fàdákà tí wọ́n fi ń dì oúnjẹ, a kì í bọ inú omi náà fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí a fà á yọ, ó ti lu jákujàku bí ewé tí kòkòrò jẹ. Láti ọjọ́ náà, kò sí èyí nínú wọn tó tún na ọwọ́ sí agbada náà, èyí sì dára, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki ìka bọ̀ ọ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sì ṣe tan án láìsí omi nínú rẹ̀, yóò jóná.

Agbada tí a rà gba lítà mẹ́fà ó lé díẹ̀. Inú rẹ̀ gùn tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, ó sì jìn tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnìkan lè rò pé àwo oní-íǹṣì 12 kò lè wọ ibẹ̀, nítorí òun náà fẹ̀ tó ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n a kì í tẹ́ àwo sínú omi. Òòró ni à ń gbé e dúró, irin kan yóò gba ihò àárín rẹ̀ kọjá lókè agbada, ìsàlẹ̀ àwo nìkan ni yóò wà nínú omi, tí móta yóò sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Omi kò gbọ́dọ̀ kan bébà àárín tí orúkọ olórin wà. A gbé àwo mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, àyè íǹṣì kan láàárín wọn, rọ́bà tí a gé lára inú táyà ọkọ̀ sì ń tì wọ́n kí wọ́n má baà yọ̀. Móta náà, inú máíkíróweefù tó ti bàjẹ́ ni a ti yọ ọ́, èyí tó ń yí àwo gíláàsì inú rẹ̀. Ìgbà márùn-ún ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Káfíńtà àdúgbò ló kan òpó rẹ̀. Fún àwo kékeré, òpó mìíràn ni a kàn tó kúrú ju ti àkọ́kọ́, nítorí irin gbọ́dọ̀ sún mọ́ omi.

Omi gan-an ló ni wá lára jù. Omi ẹ̀rọ, omi kànga, àní omi inú ọ̀rá tí à ń rà mu, gbogbo wọn ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú tí yóò gbẹ síbi tí a ti ń gbìyànjú láti kó nǹkan kúrò. Omi tí àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì ń bù kún bátìrì ọkọ̀ ló yẹ, èyí tí wọ́n sè di ooru tí wọ́n sì gbà padà. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á rí i dájú pé omi ni wọ́n tà fún òun, kì í ṣe áàsìdì, nítorí ẹgbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń gbé méjèèjì sí. A fi oògùn tí àwọn afọ́tò ń fi ṣan fíìmù sí i, ìkán mẹ́ta lórí lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan ló bá wa mú un ti London bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí omi lè tẹ́ wọ inú ipa dípò kí ó máa kóra jọ bí ìrì lórí ewé kókò. Ẹ̀gbọ́n wa Àfáà gbọ́ pé àwọn kan ń fi sípírítì sí i, wọ́n sì bi wá bóyá ọtí ni a fẹ́ fi fọ àwo nínú ilé Baba wọn. A dá wọn lóhùn pé a kò lò ó. Kì í ṣe pé sípírítì yẹn ṣeé mu, májèlé ni. Èéfín rẹ̀ ló ń gbaná bí omi bá ń gbóná lábẹ́ rẹ̀, ilé wa kò sì fẹ́ iná.

Nípa ooru, àwo orin jẹ́ ọmọ ìyá páìpù omi oníke. Bí ó bá gbóná jù yóò rọ̀, yóò sì wọ́. Omi inú ilé ní Èkó kì í jìnnà sí ìwọ̀n 30 lórí Celsius, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sì ń mú kí ó máa gbóná sí i bí ó ti ń gbọ̀n. Bí ó bá ti dé 35, a ó pa á kí ó sinmi. Àwọn tí a ṣì ń pè ní NẸ́PÀ, bí orúkọ náà tilẹ̀ ti yí padà ní 2005, máa ń ràn wá lọ́wọ́ nídìí èyí.

Iṣẹ́ náà kò le. A kọ́kọ́ ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ gbá eruku òkè kúrò. A ń tan ẹ̀rọ náà lórí omi nìkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí afẹ́fẹ́ inú omi lè jáde, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń gba agbára àwọn ihò náà. Lẹ́yìn èyí ni àwo yóò wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A ó gbé e jáde, a ó fi omi bátìrì tí kò ní oògùn nínú ṣan án, a ó gbé e dúró níwájú fáànù títí yóò fi gbẹ. Kò gbọ́dọ̀ padà sínú bébà àtijọ́ tó ti hu èéhu. Nígbà tí àwo mẹ́fà àkọ́kọ́ jáde, omi inú agbada dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ẹ̀gbọ́n wa Àfáà wo inú rẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fi irú omi yìí ṣe àlùwàlá yóò tún un ṣe. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Láti ìgbà náà ni àwọn fúnra wọn ti ń pè wá pé kí a pààrọ̀ omi.

Àwo Àyìnlá Ọmọwúrà kan wà tí a kọ́kọ́ gbé sí i lẹ́yìn fífọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe kí wọ́n tó pa á ní Abẹ́òkúta ní oṣù karùn-ún ọdún 1980. Kí a tó fọ̀ ọ́, ìlù rẹ̀ kún etí bí òjò orí páànù. Lẹ́yìn rẹ̀, a gbọ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lára awọ, a sì gbọ́ ibi tí ó ti mí sínú kí ó tó na ohùn. Lára Harúnà Ìṣọ̀lá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí a ti rò pé ariwo ìdọ̀tí ni, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gidi ni. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọ̀bẹ tàbí èékánná ti há, ariwo rẹ̀ wà bó ṣe wà. Ẹ̀rọ kì í di ojú ọgbẹ́. Èyí tó ti wọ́ sábẹ́ òòrùn, ó wọ́ náà nìyẹn. Àwọn ògbólógbòó ìsàlẹ̀ páálí, tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, a kò jẹ́ kí wọ́n dé ibi agbada náà rárá. Harúnà Ìṣọ̀lá kọ́kọ́ ṣe àwo ní 1948, irú wọn ló sì wà lóde nígbà náà. Oje kòkòrò kan tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun òkúta ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Sípírítì ń yọ́ wọn, omi sì ń wọ ibi tí wọ́n bá ti sán. Aṣọ tó rọ̀ tí a fi omi rin díẹ̀ ni a fi nu tiwọn, a sì gbẹ wọ́n lójú ẹsẹ̀.

A mọ̀ọ́mọ̀ fi àwo ìyá wa sẹ́yìn títí ọwọ́ wa fi mọ́ ọn. Ọjọ́ Àìkú kan ni, àwa márààrún pé. Ìgbà méjì ni a fọ̀ ọ́, nítorí èéhu ti ta gbòǹgbò sí etí rẹ̀. Orin ojú rẹ̀ jáde bí ẹni ṣí fèrèsé: sẹ́lí ń dún, àwọn elégbè ń dáhùn, a tilẹ̀ gbọ́ ẹnìkan tó wúkọ́. A yí i sí ẹ̀yìn. Ìyẹn náà mọ́, títí ó fi kù díẹ̀ kó dé àárín. Níbẹ̀ ni ọ̀gá dákẹ́, ohùn obìnrin kan sì bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ha, ó ń bú bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ, títí ìlà mẹ́rin náà fi parí. Nígbà tí àwọn elégbè dáhùn, ohùn tún mọ́ padà.

A fi awò àwọn tó ń tún aago ṣe wò ó. Ibi gbogbo lójú àwo náà dúdú, ó ń dán. Ìlà mẹ́rin yẹn nìkan ló ṣe eérú. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Abẹ́rẹ́ ló jẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ oní-sáfáyà ni wọ́n ń lò nínú irú rédíógíráàmù yẹn, kì í pẹ́ tí í fi í kú bí a bá fi í wé ti dáyámọ́ńdì, èyí tó bá sì ti kú máa ń gbẹ́ ògiri ipa lọ ni. Baba wa kì í pààrọ̀ tiwọn títí yóò fi já. Àǹtí wa ló rántí pé lẹ́yìn ikú ìyá wa, tí a bá ti sùn, Baba á gbé abẹ́rẹ́ náà sókè, wọn á tún gbé e padà, wọn á tún gbé e padà. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́. A jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀.

Ohun kan kù tí a lè ṣe. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ rí róbótó lẹ́nu, ibi kan náà ló máa ń kàn lára ògiri ipa. Àwọn abẹ́rẹ́ kan wà lóde òní tí ẹnu wọn tín-ín-rín, wọ́n ń wọlé jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì lè kan apá ògiri tí abẹ́rẹ́ àtijọ́ kò dé. Ó gbà wá ní oṣù méjì kí a tó rí ọ̀kan tó bá ẹ̀rọ tí a yá mu. A gbé àwo náà sí i. Ìlà àkọ́kọ́ ṣì ha, ìkejì náà. Ìkẹta àti ìkẹrin jáde, kì í ṣe bíi ti ẹni tó wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn ni, ó ní ìmí nínú, a sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

Àbúrò wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin, ohùn Àǹtí nìyẹn." Gbogbo wa kọjú sí Àǹtí. Òótọ́ ni. Bí Àǹtí ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn ní ìparí, bí wọ́n bá ń ki ọmọ tàbí bí wọ́n bá ń fọṣọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ rí ló dá a mọ̀ fún wa, nítorí ohùn yẹn ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Àǹtí dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná. Ẹ̀gbọ́n wa Àfáà ṣe àdúà fún ìyá wa àti Baba wa, a ṣe àmín, wọ́n wá ní kí ẹnìkan gba ìlà méjì náà sórí fóònù fún àwọn, ìlà méjì yẹn nìkan, kí ó má fi ìlù kún un.

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń gbé nǹkan wá bá wa, àwọn mìíràn sì ń gbé kásẹ́ẹ̀tì wáàsí àwọn àfáà tó ti kú wá pé kí a fọ̀ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì kì í wọ inú ẹ̀rọ yìí o. Omi yóò pa á. Kí ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ gbé e kúrò níbi ọ̀rinrin, kí ó sì wá ẹni tí yóò gbà á sórí kọ̀ǹpútà kí okùn rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ra.

Páálí mẹ́ta ni a ti fọ̀ tán, mẹ́ta ló kù. A kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò ni wọ́n, àmọ́ ọ̀rọ̀ dídà nù kò sí mọ́. Ẹni tó ń ra àwo tún padà wá ní oṣù tó kọjá, owó ẹnu rẹ̀ sì ti lọ sókè. Àǹtí ló dá a lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn kò ní àwo tà, ṣùgbọ́n ṣé ó ní abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lè tà fún àwọn?